Ìtọ̀ ò jò mọ́, ó wá ń ta mí

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ tá a máa ń fi ìró bò mọ́lẹ̀. Ó tó ọdún mẹ́fà tí ìtọ̀ fi ń já lára mi, mo wúkọ́ ó jáde, mo sín ó jáde, ọjọ́ tí ọ̀kadà gbé mi bẹ́ sínú kòtò kan ní Lagere ńkọ́, orí ìjókòó ọlọ́kadà ló dà sí. Síkẹ́ẹ̀tì dúdú nìkan ni mò ń wọ̀ lọ síléèwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ.

Ọdún tó kọjá ni mo gbà kí wọ́n ṣe ọpuréṣọ̀n fún mi. Wọ́n fi tépù tẹ́ẹ́rẹ́ kan gba abẹ́ ọ̀nà ìtọ̀ mi, kó gbé e dúró bí ọ̀já ṣe ń gbé ọmọ. Lọ́jọ́ kejì wọ́n yọ rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀, mo délé, mo mọ̀ọ́mọ̀ wúkọ́ wò, gbígbẹ! Díẹ̀ ló kù kí n jó.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìtọ̀ wá ń ta mí bí ẹni wọ́n fọ́n ata sí, màá sáré lọ tọ̀, ṣíún báyìí ló máa wá, kò ní pé ogún ìṣẹ́jú ó tún ti ń gbọ̀n mí, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni mò ń dìde lóru. Ẹni tó wà ní kẹ́mísì ní tọ́ílẹ́ẹ̀tì ínfẹ́ṣọ̀n ni, ó kó kápúsù fún mi, ó rọlẹ̀, ó tún padà. Ìyá alágbo ní Sábó ní tòun dájú, ó bu àgbo sígò kan fún mi, ó ní kí n dá ìgò òun padà o. Èmi nìkan ni mò ń lo tọ́ílẹ́ẹ̀tì ilé mi, ó sì mọ́, ṣùgbọ́n ìrora kì í jẹ́ kéèyàn ronú jàre. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ra kápúsù yẹn.

Nígbà tí ara mi gbóná, tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn ń ro mí, mo padà sọ́dọ̀ dókítà tó ṣe iṣẹ́ náà. Ọmọbìnrin kékeré ni, ó kúnlẹ̀ kí mi tán kó tó bá mi wí. "Mọ́mì, ẹ ti lo oògùn ká tó yẹ ìtọ̀ wò? Ó ti fẹ́ gun kíndìnrín yín o." Ó ní kí n jẹ́ kí ìtọ̀ àkọ́kọ́ dànù, kí n wá gba ti àárín sínú ike. Ọjọ́ mẹ́ta ni láàbù fi gbìn ín, E. coli ló hù, kòkòrò tó ń gbé inú ìfun gbogbo wa, kápúsù mi ò sì ràn án mọ́. Ọ̀nà ìtọ̀ obìnrin ò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ, ìrìn kékeré ni fún un láti ìdí débẹ̀, rọ́bà yẹn náà sì lè gbé e wọlé.

Síkáànì ló wá yà mí lẹ́nu jù. Mo tọ̀ tán, àbí mo rò pé mo tọ̀ tán ni, ó ní kí n dùbúlẹ̀, 240 ml ìtọ̀ ṣì jókòó sínú àpò ìtọ̀ mi! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì pure water kan. Tépù yẹn ló fún ọ̀nà náà díẹ̀ jù, ẹ sì mọ nǹkan tó máa ń hù nísàlẹ̀ dúrọ́ọ̀mù tí omi ò kúrò níbẹ̀.

Ló bá kọ́ mi ní ìtọ̀ títọ̀ bí ọmọ ọdún méjì, kí n jókòó dáadáa, kí n má lóṣòó, tí mo bá tọ̀ tán kí n dìde, kí n rìn díẹ̀, kí n tún jókòó kí n tẹ̀ síwájú. Tí ìtọ̀ tó ń ṣẹ́kù yẹn ò bá dínkù, àwọn á gé tépù náà, tí infẹ́ṣọ̀n bá sì ń padà ṣáá tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìtọ̀, àwọn á ki kámẹ́rà kékeré gba ọ̀nà ìtọ̀ wọ inú lọ wò ó, torí tépù máa ń gún àpò ìtọ̀ nígbà míì.

Oògùn tuntun tí láàbù fọwọ́ sí, mo lò ó pé. Síkáànì oṣù tó kọjá, 40 ml, a ò gé nǹkan kan. Àná mo ń kọjá ní Sábó, ìyá alágbo ti òdìkejì títì pariwo: "Tíṣà, ìgò mi dà?"