Síkáànù Bàbá

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sin àbúrò bàbá mi dé láti ibi síkáànù ní Lágéré. Ìpá ni, omi tó kún inú àpò ẹpọ̀n. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi agbádá bò ó.

Obìnrin ni dókítà tó bá wa wọlé. Bàbá yọ́ sọ fún mi létí pé, “Ṣé kò sí ọkùnrin níbí ni?” Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Lójú ẹ̀rọ, omi náà dúdú bí inú kànga, kóró ẹpọ̀n sì hàn láàárín rẹ̀, ó rí eérú-eérú. Dókítà wọn òòró àti ìbú rẹ̀, ó wọn ti ẹ̀gbẹ́ kejì kó lè fi wọ́n wéra. Ó tún tẹ bọ́tìnì kan, ni pupa àti búlúù bá ń ṣẹ́jú. Ẹ̀jẹ̀ tó ń sàn nìyẹn! Mi ò lè gbójú kúrò níbẹ̀. Ó ní tí omi bá pọ̀ jù, ó lè máa fún kóró náà, kí ẹ̀jẹ̀ má fi bẹ́ẹ̀ ráyè wọ ibẹ̀.

Ti Bàbá ṣì ń sàn dáadáa, a dúpẹ́. Ó ku ọ̀dọ̀ dókítà oníṣẹ́ abẹ.

Ẹ̀yin tí bàbá yín ń fi ìpá pamọ́, báwo lẹ ṣe rí wọn mú dé ọsibítù? Ẹkún ìyàwó wọn ló mú tiwa o.