Ẹ̀yin àbúrò tó ń ṣe running back, ẹ gbọ́ ohun tí iṣẹ́ orúnkún kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú ìdárayá o. Iṣẹ́ fisiọ ni mò ń ṣe ní Texas níbí, àwọn ọmọ high school àti ọmọ college tó ń gbá football Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa, orúkọ Yorùbá sì ń pọ̀ sí i láàárín wọn, ẹ̀yin náà ṣá. Àwọn tó jẹ́ running back nínú yín lẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀ jù, ìbéèrè kan náà sì lẹ máa ń bi mí ṣáá: "Brọ̀dá, ṣé mo lè dé NFL?" Ìyẹn líìgì àwọn tó ń fi football Amẹ́ríkà jẹun. Mi ò kì í dáhùn ìyẹn torí mi ò kí ń ṣe babaláwo. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé, ká tiẹ̀ ní o débẹ̀, ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn? Wọn kì í sanwó fún running back torí ohun tó ti ṣe. Ohun tí wọ́n rò pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ṣì lè ṣe lọ́la ni wọ́n ń sanwó fún, tó bá sì ti hàn sí wọn pé ẹsẹ̀ yẹn ti ń rẹ̀ ẹ́, ó parí nìyẹn, bó o fẹ́ o ti gba ife ẹ̀yẹ fún wọn.

Fún àwọn mọ́mì àti dádì tó máa kà á lẹ́yìn yín, running back lẹni tó máa ń dúró lẹ́yìn quarterback (ẹni tó ń darí eré tó sì ń ju bọ́ọ̀lù) tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́, àwọn géńdé mọ́kànlá á sì máa wá bí wọ́n ṣe máa gbé e lulẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá gbé bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń lù ú o, àtìgbà tó ṣe dáadáa àtìgbà tí ò rí nǹkan kan ṣe.

Ẹ jẹ́ ká mú Jay Ajayi, torí ọmọ wa ni, orúkọ ẹ̀ nìkan ti tó. London ni wọ́n bí i sí ní 1993, ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí ẹ̀, ọmọ ọdún méje ló wà nígbà tí wọ́n kó wá sí Amẹ́ríkà, Texas níbí náà ló ti ṣe high school ẹ̀. Ó lọ sí yunifásítì Boise State ní Idaho, kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀ rárá tí ACL orúnkún ẹ̀, ìyẹn iṣan tó di egungun orúnkún mú, fi já ní 2011 níbi tí wọ́n ti ń ṣe práktíìsì lásán. Ó padà wá, nígbà tó fi máa di 2014 ó ti gbé bọ́ọ̀lù sáré 1,823 yáàdì láàárín sáà kan, touchdown 28 ló sáré gbà, ìyẹn ni pé ó gbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá àwọn alátakò. Ẹni tó bá rí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ á rò pé wọ́n á jà lé e lórí nínú draft, níbi tí àwọn tíìmù NFL ti ń mú ọmọ college ní ipele-ìpele. Àmọ́ ní combine, àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ṣe fún wọn ní Indianapolis ṣáájú draft, yàtọ̀ sí eré sísá tẹ́ ẹ máa ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn dókítà tíìmù náà wà níbẹ̀, wọ́n máa ń fa orúnkún ọmọlọ́mọ, wọ́n máa ń yà á ní fọ́tò, ìròyìn sì ti ń lọ kiri pé orúnkún Ajayi ò ní pẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe ń pe orúkọ ẹlòmíì títí ó fi di ipele karùn-ún, ẹni 149, kí Miami Dolphins tó mú un ní 2015. Orúnkún tó já ní 2011 ló dín owó ẹ̀ kù ní 2015, ẹ gbọ́ mi dáadáa níbẹ̀ yẹn.

Ní September 2016 ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí mo máa ń sọ fún gbogbo ọmọ tó bá ń fajúro níwájú mi nítorí pé kóòṣì ò fi ṣe starter. Dolphins ń lọ gbá géèmù àkọ́kọ́ nínú sáà yẹn ní Seattle, wọ́n sì fi Ajayi sílẹ̀ ní Florida. Kì í ṣe pé ara ẹ̀ ò dá o. Wọ́n ti mú Arian Foster wá, àgbà ọ̀jẹ̀ nìyẹn, wọ́n sì ní Foster ló máa bẹ̀rẹ̀, inú bí Ajayi, ó sì hàn sí gbogbo èèyàn, ni Adam Gase tó jẹ́ kóòṣì bá ní kó má bá wọn wọ bàálù. Lójú tèmi ṣá o, mo mọ ìdí tí inú fi bí i, ẹni tó ti ń retí láti ọdún tó kọjá, àmọ́ kóòṣì kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ìyá yín tó máa wá bẹ̀ yín nínú yàrá. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni nǹkan tó tẹ̀lé e. Foster farapa, Ajayi wọlé, ní October 16 ó sáré 204 yáàdì lórí Pittsburgh Steelers, ọ̀sẹ̀ kejì ẹ̀ ó tún sáré 214 lórí Buffalo Bills. Ṣáájú ẹ̀, èèyàn mẹ́ta péré ló ti sáré 200 yáàdì ní géèmù méjì tó tẹ̀léra nínú gbogbo ìtàn NFL: O.J. Simpson, Earl Campbell àti Ricky Williams. Nígbà tó di December ó tún sáré 206 lórí Bills yẹn kan náà, ó parí sáà náà pẹ̀lú 1,272. Ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé ní September o! Tó bá jẹ́ pé ó ti fi ìbínú yẹn pa práktíìsì tì, kò ní sí nǹkan lára ẹ̀ nígbà tí àyè ṣí.

Ó yẹ kí irú ọdún bẹ́ẹ̀ fún un ní ìfọ̀kànbalẹ̀ àbí? Ká má tíì pé ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀, ní October 2017, Baltimore Ravens lu Dolphins ní 40 sí 0, lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ Dolphins ti tà á fún Philadelphia Eagles, ohun tí wọ́n sì gbà ni ẹ̀tọ́ láti mú ẹnì kan ní ipele kẹrin nínú draft ọdún tó ń bọ̀. Gbogbo yáàdì yẹn o. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kì í fi èèyàn sílẹ̀, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ní February 2018, Eagles na New England Patriots ní 41 sí 33 ní Minneapolis, Super Bowl (àṣekágbá NFL) àkọ́kọ́ tí Eagles máa gbà nìyẹn, Ajayi sì sáré 57 yáàdì nínú ẹ̀. Ní Philadelphia kò dá ṣe é, òun àti LeGarrette Blount àti Corey Clement ni wọ́n jọ ń pín in, kò sì sí ẹni tó gbọ́ pé ó ń kùn.

Ọdún 2018 ló wá ń dùn mí. Ọdún tó kẹ́yìn nínú kọ́ńtíráàtì tí wọ́n fún un nígbà draft nìyẹn, ọdún mẹ́rin ni wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n bá mú ní draft, owó tó wà nínú ẹ̀ fún ẹni ipele karùn-ún ò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàwọn ará ipele kìíní. Ẹ̀yìn ẹ̀ lèèyàn tó lè lọ ná ara ẹ̀ lọ́jà. October yẹn ni ACL ẹ̀ já. Nígbà tí ọjà ṣí, kò sẹ́ni tó fẹ́ ra orúnkún tó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì fisiọ. Eagles pè é padà ní November 2019, ó gbé bọ́ọ̀lù nígbà mẹ́wàá, 30 yáàdì, kò sì tún gbá géèmù NFL kankan mọ́. Ọmọ ọdún 26 ni.

Ẹ má rò pé torí pé ipele karùn-ún ni o. Todd Gurley, ìpele kìíní ni, òun ni wọ́n fún ní àmì ẹ̀yẹ Offensive Player of the Year (ẹni tó ta yọ jù nínú àwọn tó ń kọlu) ní 2017, tíìmù ẹ̀, Los Angeles Rams, sì fún un ní kọ́ńtíráàtì tó lé ní mílíọ̀nù 57 dọ́là ní 2018. Orúnkún ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ní March 2020 wọ́n ní kó máa lọ. Ọmọ 25. Le'Veon Bell ti rí i pé bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn, ó kọ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù fún Steelers ní gbogbo 2018, ó fi owó tó ju mílíọ̀nù 14 lọ sílẹ̀ torí ó fẹ́ kọ́ńtíráàtì ọlọ́dún púpọ̀. Àwọn kan bú u gan-an. Èmi ò bú u, torí mo mọ ohun tó wà nínú orúnkún ẹni tó ti gbé bọ́ọ̀lù fún ọdún márùn-ún, bíi táyà dánfó ni, kì í ṣe ọjọ́ orí ẹ̀ la máa ń bi, ibi tó ti rìn dé ni.

Ẹni tó lè pẹ́ sì wà o. Frank Gore já ACL ẹsẹ̀ méjèèjì ní college, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, ipele kẹta ni San Francisco 49ers mú un ní 2005, ó sì gbá a títí dé 2020, yáàdì 16,000 géérégé, ẹni kẹta nínú ìtàn. Àbúrò kan sọ fún mi pé "ẹ ò rí Gore?" Mo rí i, mo tún rí i pé èèyàn méjì péré ló wà níwájú ẹ̀, ìyẹn Emmitt Smith àti Walter Payton, ẹ má fi ẹni tí irú ẹ̀ ò wọ́pọ̀ ṣe ìṣirò ilé yín.

Ká wá sọ̀rọ̀ ohun tẹ́ ẹ lè ṣe. Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo quarterback, mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbé ìyẹn sí Instagram. Àmọ́ ohun tó ń mú kí kóòṣì fi ọmọ tuntun sílẹ̀ nínú pápá nìyẹn. Kí wọ́n tó gbé bọ́ọ̀lù, ojú yín ti gbọ́dọ̀ wà lára àwọn linebacker, ìyẹn àwọn alátakò tó ń dúró lẹ́yìn ìlà iwájú wọn, àárín lẹ ti máa kọ́kọ́ wò kẹ́ ẹ tó wo ẹ̀gbẹ́, torí ọ̀nà àárín ló yá jù dé ọ̀dọ̀ quarterback. Tó bá ti ń bọ̀, ẹ má dúró dè é, ẹ lọ pàdé ẹ̀, ẹ rẹ ìdí sílẹ̀, ọwọ́ méjèèjì sí i láyà, orí sókè, ẹ má fi orí kàn án o, torí ọpọlọ ò ní iṣẹ́ abẹ ACL.

Tí orúnkún bá wá já, ẹ má bá mi jà. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ohun tí mò ń wá lọ́dọ̀ yín ni kí ẹsẹ̀ yẹn nà tán, kí ẹ̀yìn orúnkún kan bẹ́ẹ̀dì. Ẹ máa wo itan yín méjèèjì, ẹ máa rí i pé ọ̀kan ti gbẹ, ẹ máa ní kí iṣan iwájú ẹ̀ dì, ẹ máa tẹjú mọ́ ọn, kò ní mira. Géńdé tó ń gbé irin ńlá ń sunkún níwájú mi torí kò lè gbé ẹsẹ̀ ara ẹ̀ kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Oṣù kẹrin ló ń bà mí lẹ́rù, nígbà tí ìrora ti lọ, tẹ́ ẹ ti ń sáré díẹ̀díẹ̀, tí dádì ti ń bi mí pé "ṣebí ó ti yá." Kò tíì yá. Iṣan tí wọ́n fi rọ́pò ACL nínú orúnkún yẹn ò tíì lágbára, ẹni tó bá padà kó tó pé oṣù mẹ́sàn-án ń wá jíjá kejì. A máa ní kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo fò síwájú, a ó fi téèpù wọn ibi tẹ́ ẹ balẹ̀ sí, a ó tún ṣe ti èkejì, tí ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe ò bá tó ìdá 90 nínú 100 ti èyí tó kù, mi ò ní buwọ́ lù ú, kóòṣì ì báà pè mí nígbà ogún.

Ẹni tó bá wá jàjà débẹ̀, kó mọ̀ pé sáà mẹ́ta ni wọ́n ń kà kí èèyàn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí pẹ́ńṣọ̀n NFL, tí orúkọ ẹ̀ bá sì wà nínú ìwé tíìmù fún géèmù mẹ́ta nínú sáà kan, ó ti tó kí wọ́n ka sáà yẹn fún un. Mo ti bi ọ̀pọ̀ yín, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, bẹ́ ẹ ṣe ń yára sá 40 yáàdì lẹ mọ̀. Ẹ bi agent, ẹni tó ń bá yín dúnàádúrà kọ́ńtíráàtì, ní ohun méjì kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé: èló ni wọ́n ṣì máa san tí mo bá farapa, èló ni ò ṣeé gbà padà lọ́wọ́ mi. Iye ńlá tí wọ́n ń kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì yẹn, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń dé ọwọ́.

Ẹ sì ní nǹkan míì tẹ́ ẹ fẹ́ràn. Christian Okoye, ọmọ Enugu tó gba yunifásítì Azusa Pacific lọ sí NFL, eré sísọ discus (àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n ń jù) ló gbé e wá sí Amẹ́ríkà, ó ti lé ní ogún ọdún dáadáa kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọ helmet, ó sì ṣe tó fi sáré ju gbogbo NFL lọ ní 1989 pẹ̀lú 1,480 yáàdì kí orúnkún tó dá a dúró. Ajayi ní tiẹ̀, ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ara Arsenal ni, ní 2020 ó lọ ṣojú ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ Philadelphia Union nínú eMLS, ìdíje FIFA orí géèmù. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kà á, inú mi dùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fídíò bẹ́ ẹ ṣe ń bo quarterback, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ti touchdown, ẹ fi ìyẹn ránṣẹ́ sí mọ́mì yín.