Ẹ̀jẹ̀ Nínú Ọpọlọ Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Tí dókítà bá sọ pé ẹ̀jẹ̀ dà nínú ọpọlọ ọmọ yín tí oṣù rẹ̀ kò pé, ẹ bi í pé: ìpele wo ni? Mẹ́rin ni ìpele rẹ̀. Ní ti 1 àti 2, ẹ̀jẹ̀ náà kì í pọ̀, ara ọmọ sì sábà máa ń fà á gbẹ. Ní ti 3, ó ti kún ihò tí omi ọpọlọ ń gbà débi pé ihò náà fẹ̀; ní ti 4, ó ti kan ọpọlọ fúnra rẹ̀. Ìpele 2 ni ti ọmọ mi. Kí wọ́n tó ṣàlàyé, mo ti gbà pé ó ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọpọlọ ọmọ tí a bí ṣáájú ọ̀sẹ̀ 32 gbẹgẹ́ púpọ̀. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ṣàdédé yí padà, ó lè bẹ́, pàápàá láàárín wákàtí 72 àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í jẹ́ ká máa gbé wọn bó ṣe wù wá. Mo wo nọ́ọ̀sì kan bó ṣe ń pààrọ̀ ìlédìí ọmọ mi: kò gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó rọra yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, ọwọ́ kejì di orí rẹ̀ mú. "Ìyá ọmọ, tí ẹsẹ̀ bá ròkè, ẹ̀jẹ̀ á ya lọ sórí."

Tí oyún bá ṣì wà nínú tí wọ́n ní ọmọ lè tètè dé, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ìdì, èyí tí wọ́n máa ń gún fún ìyá kí ara ọmọ lè tètè gbó. Ó ń dín ewu yìí kù.

Àwùjẹ̀ ni wọ́n ń gbé ẹ̀rọ síkáànù tí wọ́n fi ń wo inú ọpọlọ ọmọ lé, torí egungun ibẹ̀ kò tíì pàdé. Kì í dun ọmọ. Ẹ má jẹ́ kó sú yín bí wọ́n bá ń tún un ṣe, nítorí omi lè gbára jọ sínú orí ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti dá. Èmi máa ń kọ ìwọ̀n orí rẹ̀ sínú ìwé tèmi nígbàkúùgbà tí wọ́n bá fi téèpù wọ̀n ọ́n. Nílé, bí àwùjẹ̀ bá wú nígbà tí ọmọ kò sunkún, bí orí bá ń yára tóbi, bí ó bá ń bì léraléra, tí ojú rẹ̀ ń wolẹ̀ ṣáá, tàbí tí gìrì bá mú un, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni.

Ẹ má pa ọjọ́ àyẹ̀wò jẹ, kódà bí ọmọ bá ń rẹ́rìn-ín. Níbi àyẹ̀wò ni wọ́n ti rí i pé ẹsẹ̀ òsì ọmọ mi le díẹ̀, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a nà án kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.