Bí gbogbo línkì inú wíkì mi ṣe kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo

Mo ní wíkì kan lórí kọ̀ǹpútà mi, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ tí línkì so àwọn ojú ewé ẹ̀ pọ̀, èmi nìkan ni mò ń kà á. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ewé tiẹ̀, àwọn PDF, fọ́tò, rísíìtì, ìwé àdéhùn, mi ò kó ìkankan wọn sínú wíkì fúnra ẹ̀, línkì ni mo fi so wọ́n mọ́ ibi tí wọ́n wà. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa o, títí di ọjọ́ tí mo ní kí n tún fódà mi tò, mo wá yí orúkọ fódà kan padà láti "Ise" sí "Iṣẹ́", torí kó lè rẹwà. Ẹ ẹ̀ rí i pé mi ò níṣẹ́ ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tí mo padà sínú wíkì, mo tẹ línkì kan, wọ́n ní fáìlì ò sí, mo tẹ òmíràn, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ fáìlì ò kúrò níbì kankan, fódà tó wà nínú ẹ̀ ló yí orúkọ padà.

Inú wá bí mi, mo lọ jókòó ti bí línkì yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹ mọ file:/// tí línkì sí fáìlì orí kọ̀ǹpútà fi ń bẹ̀rẹ̀ yẹn, slash mẹ́ta, ó ti pẹ́ tó ti ń rú mi lójú, kí ló dé tí ti http fi jẹ́ méjì? Àṣé lẹ́yìn slash méjì àkọ́kọ́, orúkọ kọ̀ǹpútà ló yẹ kó wà níbẹ̀, àmọ́ torí pé kọ̀ǹpútà tó wà níwájú wa náà là ń sọ, a fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, slash kẹta ló wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà fáìlì gan-an. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú RFC 1738, ọ̀kan lára àwọn ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì, láti 1994, wọ́n tún un kọ dáadáa nínú RFC 8089 ní 2017. Lórí Windows ó máa dà báyìí: file:///C:/Users/emi/Ise/adehun.pdf, slash lásán, kì í ṣe backslash (\) tí Windows fúnra ẹ̀ máa ń lò. Tí àlàfo bá wà nínú orúkọ, %20 ló ń dà.

Ẹ wá wo "Iṣẹ́" mi tó rẹwà nígbà tó dénú línkì: I%E1%B9%A3%E1%BA%B9%CC%81. Háà! Èyí tó tiẹ̀ burú jù ni pé kíbọọ̀dù ò kọ ọ́ bákan náà, òmíràn á mú ẹ kó tó fi àmì ohùn lé e lórí, òmíràn á mú é kó tó fi àmì sí i nísàlẹ̀, ìyẹn á wá di I%E1%B9%A3%C3%A9%CC%A3. Lójú èmi àti ẹ̀yin ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmọ́ Windows àti Linux á kà á sí orúkọ méjì, ẹ lè ní fódà "Iṣẹ́" méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kẹ́ ẹ máa bá ara yín jà. Látìgbà yẹn, orúkọ fódà mi ò ní àmì, kò ní àlàfo, létà kékeré pátápátá. Àmì ohùn wà lórí àkọlé ojú ewé nínú wíkì, ibẹ̀ ni mo ti ń ka Yorùbá mi.

Wàhálà kejì ni búráúsà. Tí wíkì yín bá ń ṣí láti http://localhost, ìyẹn bíi sáìtì tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yín fúnra ẹ̀, ẹ lè tẹ línkì file:/// títí ọwọ́ á fi ro yín, kò ní ṣe nǹkan kan, Chrome kàn máa kọ "Not allowed to load local resource" síbi tẹ́ ẹ ò ti ní rí i. Mo kọ́kọ́ bú wọn, àmọ́ òótọ́ ni wọ́n sọ, ta ló fẹ́ kí sáìtì tí ò mọ̀ rí máa nawọ́ sínú díìsìkì òun? Tó bá jẹ́ pé wíkì fúnra ẹ̀ jẹ́ fáìlì HTML kan bíi TiddlyWiki, tẹ́ ẹ ṣí i tààrà láti orí díìsìkì, línkì á ṣí. Obsidian, Zim àti Org mode ò tiẹ̀ ní ìṣòro yìí, app ni wọ́n, wọ́n á ní kí kọ̀ǹpútà bá wọn ṣí fáìlì náà ni.

Ohun tó wá gbà mí ni pé mo jáwọ́ nínú kíkọ ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo kó wíkì àti fódà ise sínú fódà kan náà, nínú TiddlyWiki mi mo wá ń kọ [ext[Ìwé àdéhùn|./ise/adehun.pdf]]. Ibi tí wíkì wà ni ./ yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀, torí náà mo lè gbé gbogbo ẹ̀ sórí flash, kí n gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà míì, kò sóhun tó máa já. Fún àwọn fọ́tò tó pọ̀ jù tó wà lórí díìsìkì míì, mo fi àṣẹ ln -s ti Linux ṣe ọ̀nà àbùjá sínú ise, lórí Windows mklink /J ni. Mo sì tún rí i pé ó sàn kéèyàn so fódà ju kó so fáìlì lọ, torí "adehun.pdf" á di "adehun-tuntun.pdf", á tún di "adehun-tuntun-gan.pdf", ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, àmọ́ fódà á ṣì wà níbi tó wà.

Àwọn línkì àtijọ́ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ lásán náà ni wọ́n nínú fáìlì, mo ṣí i nínú text editor, find and replace, ó parí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó ku mẹ́ta tí ò ṣí títí dòní. Ọ̀kan nínú wọn, "ka èyí kó o tó fọwọ́ sí i" ni mo kọ sí i lára, mi ò sì rántí ohun tí mo fẹ́ fọwọ́ sí mọ́.