Ẹ má ní kí n yí i sókè mọ́

Bí àwọn ará ẹ̀yìn bá ti pariwo "A ò gbọ́ o!", gbogbo ojú á yí sọ́dọ̀ èmi onísípíkà. "Yí i sókè!" Wọ́n ń gbọ́ kẹ̀! Ariwo ni wọ́n ń gbọ́, ọ̀rọ̀ ni wọn ò rí mú, bí mo bá sì yí i sókè, á tún burú sí i ni.

Tí òde ìnáwó bá gùn, a máa ń to sípíkà síwájú, a ó tún to òmíràn sẹ́yìn. Bí MC bá ṣe lanu ni wáyà ti gbé ọ̀rọ̀ dé sípíkà ẹ̀yìn. Ohùn tó jáde níwájú ní tiẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Lọ́sàn-án tí ooru bá tó 30°C, nǹkan bíi mítà 349 ló ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí àlàfo bá tó mítà 70, á fi mìlísẹ́kọ́ǹdì 200, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, pẹ́. Ó kéré lójú, àbí? Ẹ gbọ́ "Ọ̀gá wa dé" níbẹ̀ wò: bí sípíkà ẹ̀yìn bá dé orí "gá", "Ọ̀" ti iwájú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ohùn ìsàlẹ̀ gun ohùn òkè, kí ni Yorùbá fẹ́ dì mú níbẹ̀?

Téèpù ni mo fi ń wọn ilẹ̀. Màá dá ohùn sípíkà ẹ̀yìn dúró fún mìlísẹ́kọ́ǹdì 200 kó tó jáde, màá wá fi bíi 15 lé e. Olùwádìí kan, Helmut Haas, ṣàlàyé rẹ̀ ní Göttingen, ní Jámánì, lọ́dún 1949: ohùn tó bá kọ́kọ́ wọ etí ni a ó gbà pé ọ̀rọ̀ ti wá, èyí tó bá tẹ̀ lé e kíákíá á dà pọ̀ mọ́ ọn, kódà kó ròkè jù ú lọ díẹ̀. Ará ẹ̀yìn á rò pé ẹnu MC gan-an lòun ti ń gbọ́.

MC nìkan ni kò rí oore jẹ níbẹ̀. Ní 1950, olùwádìí mìíràn, Bernard Lee, fi hàn ní Amẹ́ríkà pé bí èèyàn bá ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó pẹ́ lẹ́yìn ẹnu rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Itòsí mìlísẹ́kọ́ǹdì 200 náà ló burú jù. Mo máa ń bẹ àwọn tó fẹ́ràn à ń gbé máìkì kiri àárín èrò: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọjá kánópì kẹta." Wọn kì í gbà. Bí wọ́n bá dé ìdí sípíkà ẹ̀yìn tí mo ti dá ohùn rẹ̀ dúró, ẹnu á wọ́, wọ́n á wá máa wò mí bí ẹni pé èmi ni mo jí ahọ́n wọn.