Àmùrè Ni Ó Ṣáájú

Òṣogbo, Ọjọ́rú, lẹ́yìn àdúrà alẹ́

Òní ni ó pé oṣù méje gééré tí mo ti jáwọ́ nínú tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, òní yìí kan náà ni mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sínú rẹ̀. Aago márùn-ún ìdájí ni, mo wà lórí eékún, ìyá àwọn ọmọ ṣì ń sùn, nígbà tí fóònù mi tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì. Àwọn tí mo ti máa ń ta tẹ́tẹ́ lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n kọ̀wé sí mi. Wọ́n fi orúkọ mi kí mi, wọ́n ní àwọn ti fi ẹgbẹ̀rún kan náírà sílẹ̀ dè mí lọ́fẹ̀ẹ́, kí n sáà máa bọ̀. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, àtàǹpàkò mi ti wà lójú fóònù.

₦35,000 tí oníbàárà kan san fún pákó kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ wà nínú àkáǹtì mi láti àná. Ohùn tí ó bá mi sọ̀rọ̀ kò dẹ́rù bà mí rárá, ohùn ara mi ni: "Mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré níbẹ̀; kí ilẹ̀ tó ṣú, wàá ti dá a padà." Mo mọ ohùn yẹn dáadáa. Òun ni ó jẹ owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi lọ́dún tó kọjá.

N kò tẹ̀ ẹ́. Mo da ojú fóònù náà délẹ̀, mo jáde, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ń gbọ̀n títí mo fi dé ṣọ́ọ̀bù ní Alékúwodò, igi àkọ́kọ́ tí mo gé kò sì gún.

Bí a bá dárúkọ ogun ẹ̀mí láàárín wa, ọ̀tá ilé baba ni ọkàn ọ̀pọ̀ wa máa ń lọ bá, a ó sì fi gbogbo òru ìṣọ́ lé e kiri. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu àdúrà bẹ́ẹ̀, nítorí Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ dárúkọ àwọn ẹ̀mí búburú nínú Éfésù orí kẹfà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Bíbélì Yorùbá, èyí tí iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ parí ní 1884, lò níbẹ̀ ni ìjàkadì. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n ń ja gídígbò rí yóò mọ̀ pé a kì í jà á láti òkèèrè: ìbàdí ni wọ́n máa ń di ara wọn mú, òógùn ọ̀kan á máa kán sára èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó dì mí mú láàárọ̀ yìí rí. Jákọ́bù ní ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ẹni ni ó ń fani lọ, èmi sì ni mo fi ọwọ́ ara mi tọ́ tèmi dàgbà.

Láti oṣù méje ni mo ti ń gba ẹ̀yìnkùlé dé ibi iṣẹ́ kí n má baà kọjá níwájú ilé tẹ́tẹ́ tó wà lójú títì, bí Jósẹ́fù ṣe fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀ tí ó sá. Ó ràn mí lọ́wọ́. Àfi pé Lúùkù sọ fún wa pé lẹ́yìn tí Èṣù dán Olúwa wò tán lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ó kàn fi í sílẹ̀ di sáà kan ni. Bí ó bá jẹ́ pé sáà ni fún Olúwa, kí ni mo wá rò pé oṣù méje jẹ́?

Ibi ìhámọ́ra Ọlọ́run nínú Éfésù orí kẹfà yẹn ni mo wá dúró sí pẹ́ jù lọ ní ọ̀sán, bí mo ti jókòó sórí pákó tí n kò jẹun. Ohun àkọ́kọ́ tí Pọ́ọ̀lù kà kì í ṣe idà, kì í ṣe àṣíborí. Àmùrè òtítọ́ ni. Mo ti ń gbààwẹ̀, mo ti ń ka Sáàmù, ṣùgbọ́n n kò tíì sọ fún ìyàwó mi rí pé tẹ́tẹ́ ni ó jẹ owó ilé-ìwé ọjọ́sí. Olè ni mo ní ó gbé e. Ìyá àgbà máa ń sọ fún wa nípa ìsọjí Òkè-Òoyè ní Iléṣà ní 1930, nígbà ayé Wòlíì Babalọlá, pé àwọn èèyàn ń kó oògùn àti òǹdè tí wọ́n fi pamọ́ sílé jáde wá sójú gbangba kí wọ́n lè sun ún. Tèmi ṣì wà nínú àpò ṣòkòtò.

Mo sọ fún ìyàwó mi ní alẹ́ yìí, kí a tó gbàdúrà. Ó sunkún, ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ ò bá ti sọ ọ́ fún mi." N kò rí èsì kankan fọ̀. Mo fi ₦35,000 náà ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀. Òun ni yóò bá mi lọ san owó pákó láàárọ̀ ọ̀la. Bí mo ti ń kọ èyí, fóònù mi wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ó ti dún lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé e, ó kà á tán, ó pa á rẹ́, ó sì tún fi í síbẹ̀.