Ẹ̀yin àbúrò mi kóòṣì, ẹ má tú ilé ká: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára Remo Stars

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba iṣẹ́ kóòṣì, tẹ́ ẹ ń kó àwọn ọmọdé jọ sórí pápá n'Ígbógbó, n'Íjẹ̀dẹ̀ àti l'Ágric ní Ìkòròdú níbí, mo ń gbọ́ yín tẹ́ ẹ ń sọ pé owó Kunle Soname tó ni kíláàbù náà ló gba líìgì Nàìjíríà (NPFL) sáà 2024/25 fún Remo Stars, ọ̀rọ̀ yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Owó wà níbẹ̀ o, mi ò jiyàn, pápá tiwọn ni wọ́n ń lò n'Íkẹ́nnẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn kíláàbù ìjọba náà ń náwó, láti ìgbà tí kíláàbù Julius Berger ti Èkó sì ti gbà á lọ́dún 2000, kò sí tíìmù ilẹ̀ Yorùbá kankan tó tún gbé ife yẹn wálé kó tó kan Remo.

Ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n gbà débẹ̀. Wọ́n ti já kúrò ní NPFL rí, wọ́n tún padà wá. 2022, ipò kẹta. 2023, Enyimba gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́ ní Super Six, ìdíje àṣekágbá tí tíìmù mẹ́fà fi du ife, ipò kejì. 2024, Rangers gbà á, ipò kejì náà ni wọ́n tún bá ara wọn. Ẹ sọ fún mi, kíláàbù mélòó ní Nàìjíríà ló máa ṣe ìkejì lẹ́ẹ̀mejì léra tí wọn ò ní lé kóòṣì? Ọwọ́ Daniel Ogunmodede, kóòṣì wọn, ló ti bọ́ lẹ́ẹ̀mejèèjì, òun náà ni wọ́n fi sílẹ̀, òun náà ló sì gbà á fún wọn. Ohun tó wọ̀ mí lára jù nìyẹn. Wọn ò tú ilé ká. Àwọn ọmọ ń ti Beyond Limits, akadẹ́mì wọn, bọ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, ọmọ tó bá fi máa dé tíìmù ńlá ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbá a níbẹ̀.

Àwa ńkọ́? Wọ́n nà wá lẹ́ẹ̀kan péré, alága ti ń pariwo, bàbá ọmọ kan ti wọ inú pápá wá, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kóòṣì ti fi gólíkípà jókòó, ó ti yí ibi tí kálukú ń dúró padà, ó ti lọ yá ọmọ mẹ́ta wá láti Ògijó, àwọn ọmọ tó ti ń bá a bọ̀ látọjọ́ yìí ò wá mọ ibi tí wọ́n máa sá sí mọ́.

Èkejì ni ti àwéè, ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí. Tíìmù 20, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38, 19 nílé, 19 lóde. Tẹ́ ẹ bá na gbogbo ẹni tó wá bá yín nílé, pọ́ìntì 57 nìyẹn. Rangers tó gbà á lọ́dún 2024 ní 70. Ó ṣì ku 13 tẹ́ ẹ máa lọ wá lóde, níbi tẹ́ ẹ ti máa jókòó sínú bọ́ọ̀sì títí ẹsẹ̀ á fi kú, tí èrò pápá á tún máa bú yín. Ẹ na èèyàn mẹ́ta lóde, kẹ́ ẹ ta ọ̀mì mẹ́rin, ó pé. Ẹ wá rí i pé ọ̀mì lóde kì í ṣe òfò, ẹ má bínú sí ọmọ tó bá gbé e wá fún yín!

Iṣẹ́ ni kéèyàn mọ bó ṣe ń di góòlù kan mú. Ní tirénì, mo máa ń pín wọn sí méjì, màá ní ẹ̀yin ti fi 1-0 ṣíwájú, ó ku ìṣẹ́jú 15, ọmọ tó bá kàn fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù dànù láìsí ẹni tó sún mọ́ ọn, mo fọn fèrè, gbogbo wa á dúró wo ibi tó yẹ kó gbé e sí. Ní April 27, 2025 tí Remo gba líìgì n'Íkẹ́nnẹ́, 1-0 náà ni wọ́n na Niger Tornadoes, ó ṣì ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta.

Sáà yẹn náà ni Ikorodu City tiwa kọ́kọ́ wọ NPFL, pápá Onikan l'Érékùṣù Èkó ni wọ́n sì ń lò bí ilé, ọmọ Ìkòròdú ló wá ń rìn tó bẹ́ẹ̀ kó tó rí tíìmù ìlú ẹ̀, ó ń dùn mí gan-an, ó yẹ ká ní pápá tó tó líìgì níbí. Ṣùgbọ́n láti Sábó gba Ògijó dé Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ ò jìnnà. Ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ. Kí wọ́n má wo bọ́ọ̀lù nìkan, kí wọ́n wo bí àwọn difẹ́ńdà ṣe ń pe ara wọn nígbà tí bọ́ọ̀lù wà lódìkejì, kí wọ́n wo ohun táwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ń ṣe, ẹ̀yin fúnra yín ẹ mú ìwé àti báírò dání.